Ìrìn Ọdẹ́ṣínà Lọ Síbi Ikú Àjàgbé

Ẹ sún mọ́ra, ẹ̀yin ènìyàn mi, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè ríbi jókòó. Ìwọ tí ò ń fọ́ ẹ̀pà bí òkété yẹn, rọra. Etí ni mo fẹ́ lò lára rẹ lónìí, kì í ṣe eyín. Ọdẹ ni mí, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti yìnbọn fún ẹfọ̀n tó dúró tó ń wò mí bí àna tó wá gba ọmọ rẹ̀ padà, ọwọ́ mi kò sì gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe tèmi. Ti Ọdẹ́ṣínà ará Ìmọ̀rì ni, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú igbó, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Èyí tó ṣẹlẹ̀ nínú agbo ilé, ojú mi ló ṣe é.

Ní ọdún náà, ogun ń bẹ láàárín Ìmọ̀rì, ìlú wa, àti Agbándà, nítorí odò Ayídà. Gbogbo ọkùnrin tó lè gbé apó ló ti lọ. Ọdẹ́ṣínà nìkan ni ó kù sílé nínú àwọn ọdẹ tó gbójú, nítorí pé ìmàdò fi ehín la itan rẹ̀ ní oṣù tí ogun bẹ́, ó sì wà nínú ahéré lóko tó ń jẹ̀rora. Àjàgbé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, wà lójú ogun. Oṣù mẹ́ta péré ni Àjàgbé fẹ́ ìyàwó kó tó lọ, Ìbídùn sì ni orúkọ ìyàwó náà.

Ìbídùn yìí ni ìyá wọn rán pé kó máa gbé oúnjẹ lọ bá Ọdẹ́ṣínà nínú ahéré. Ogún ọjọ́ ló fi gbé e. Yóò gbé abọ́ kalẹ̀, yóò kúnlẹ̀, yóò ní, "Ọkọ mi Adúmáadán, ẹ kú ìrọ́jú o." Ẹ mọ̀ bí ìyàwó ilé ṣe ń ṣe sí ọmọ ilé ọkọ. Kì í dárúkọ wọn. Ọkọ ni gbogbo wọn, àtọmọ ọwọ́ àtarúgbó. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ohùn rẹ̀ dà bí omi tó ń ṣàn lórí òkúta wẹ́wẹ́, tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń dé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá lásán ni!

Ẹ̀yin èwe ìwòyí rò pé ẹ̀yin lẹ dá ìfẹ́ sílẹ̀. Ìfẹ́ wọ inú Ọdẹ́ṣínà bí omi ṣe ń wọ inú ọkọ̀ ojú omi tó lu: kò dún, kò kan ilẹ̀kùn, àfìgbà tí ẹsẹ̀ tutù. Nígbà tí Ìbídùn bá ń bọ̀, ọkàn rẹ̀ á máa lu kìkì bí ẹsẹ̀ ẹtu. Nígbà tó bá ń lọ, oko náà á dà bí ilé tí wọ́n kó ẹrù inú rẹ̀ lọ. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀! Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kò sọ ọ́ fún ajá rẹ̀ pàápàá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí egbò ti san, tó ti padà sílé, aláàárù kan tó ń bọ̀ láti ọ̀nà odò wọ agbo ilé. Ó gbé ẹrù kékeré kan kalẹ̀ níwájú Mọ́gàjí, olórí ẹbí, ó bá tirẹ̀ lọ. Àrokò ni. Fìlà Àjàgbé ni, èyí tí Ìbídùn fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán. Eédú, àmì ikú, wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi ìko dì í pinpin.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Nínú agbo ilé wọn, olúkúlùkù ọkùnrin ló ní ìso tirẹ̀. Láti kékeré ni bàbá ti ń kọ́ ọmọ, kò sì sí àjèjì tó mọ bí a ṣe ń so ó. Nítorí ogun ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀, kí ọ̀tá má baà fi àrokò èké ránṣẹ́ sí wọn. Nítorí náà Mọ́gàjí kò tíì sunkún. Ó gbé ẹrù náà sójú oòrùn, ó yí i, ó tún un yí.

"Yípo mẹ́ta," ó ní. "Orí rẹ̀ kọ sí òsì. Ìso Àjàgbé gan-an nìyí. Ẹ wò ó dáadáa, kẹ́nikẹ́ni má sọ pé wọ́n tàn wá jẹ."

Àwọn àgbà fọwọ́ kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. "Òun ni." "Òun ni, kò sí àní-àní." Nígbà tó ti dá gbogbo wọn lójú tán ni wọ́n tó figbe ta.

Bí òfin ilé náà ṣe rí nìyí: bí ogójì ọjọ́ bá pé, Ìbídùn yóò bọ́ aṣọ opó, wọn yóò sì ṣú u fún àbúrò ọkọ rẹ̀, ọmọ ìyá ọkọ rẹ̀. Àbúrò wo? Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n. Ọdẹ́ṣínà sunkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹkún tòótọ́ ni. Àmọ́ lábẹ́ ẹkún náà, ohun kan jókòó sínú rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ̀rù ohun náà sì bà á ju ìmàdò lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, Ìbídùn ránṣẹ́ pè é. Ó bá a nínú yàrá opó, irun rẹ̀ ti tú, ojú rẹ̀ ti wú, ẹwà rẹ̀ sì wà níbẹ̀ síbẹ̀ bí oṣù lẹ́yìn ìkúukùu.

"Ọkọ mi," ó ní, "gbogbo wọn ní ó dá àwọn lójú. Ta ló rí òkú?"

"Kò sẹ́ni tó rí i, ìyàwó. Ìso ni wọ́n rí."

"Ìso kì í kí mi láàárọ̀. Ìso kọ́ ni mo fẹ́. Nínú àwọn tó kù sílé, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ọ̀nà Igbó Ahọ́n tó já sódò Ayídà. Ẹ lọ bá mi wò ó. Bó bá kú, kí ẹ rí ibojì rẹ̀. Bó bá wà láàyè, kí ẹ rí ojú rẹ̀. Ohun tí ẹ bá fojú rí ni kí ẹ bá mi mú bọ̀, ẹ má bu iyọ̀ sí i."

"Bó bá jẹ́ èyí tí o kò fẹ́ gbọ́ ńkọ́?"

"Adúmáadán, láti ìjẹta ni mo ti ń gbọ́ èyí tí mi ò fẹ́."

Ọdẹ́ṣínà gba àrokò náà lọ́wọ́ Mọ́gàjí bó ṣe wà, ó fi sínú àpò rẹ̀, ó gbé ìbọn, ó kọrí sígbó.

Ẹnu Igbó Ahọ́n ni ó ti pàdé Ẹlẹ́nu-Méjì. Iwin ni. Ẹnu kan wà níwájú rẹ̀ tó ń sunkún, òmíràn wà ní ìpàkọ́ rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì fẹ̀ bí àwo. Ó jókòó sórí gbòǹgbò ìrókò, ó ń fi ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ha etí.

"Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lódò," ó ní. "Èmi ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́. Sún mọ́ mi kí n wo ojú rẹ."

Ọdẹ́ṣínà sún mọ́ ọn. Iwin náà wo ojú rẹ̀, ó wo àyà rẹ̀, ó sì yí ẹnu ẹ̀rín sí i. "Àjàgbé ti kú! Ọ̀kọ̀ ló gún un. Kò jìyà. Padà sílé, arákùnrin, ìyàwó ń retí rẹ."

Kí ó tó dáhùn, ìyá arúgbó kan dé láti ọ̀nà kejì tó ń wá ọmọ rẹ̀ tó lọ sí ogun kan náà. Ẹlẹ́nu-Méjì wo ojú rẹ̀, ó wo àyà rẹ̀, ó tún yí ẹnu ẹ̀rín sí i. "Kò sẹ́ni tó kú lódò o, Màmá! Iṣu ni wọ́n ń jẹ, wọ́n sanra bí ọ̀yà." Inú ìyá náà dùn, ó ń jó padà lọ sílé rẹ̀.

Ọdẹ́ṣínà na ìbọn rẹ̀ sí i. "Ìwọ òpùrọ́! O ní ẹ̀gbọ́n mi kú, o tún ní kò sẹ́ni tó kú. Èwo ni ká mú?"

"Èyí tí ẹ gbé wá," ni iwin náà wí, kò tilẹ̀ wo ìbọn. "Ìyá yẹn gbé tirẹ̀ wá nínú àyà, mo gbé e fún un padà. Ìwọ náà gbé tìrẹ wá, mo gbé e fún ọ padà. Ṣé mo jí nǹkan yín ni?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìbọn bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà! Ọ̀gá mi tí kì í bẹ̀rù ẹkùn ń bi ara rẹ̀ léèrè: Ṣé inú àyà òun ni wọ́n ti rí ikú ẹ̀gbọ́n òun? Ó he ìbọn, ó sáré kúrò níbẹ̀ bí ẹni tí agbọ́n ta.

Ìlú tó tún kàn ni Ìlú Wọ́n-Ní. Àwọn ará ibẹ̀ kì í gbin nǹkan, wọn kì í ṣọdẹ. Wọ́n kàn jókòó lórí àpótí, wọ́n tò láti bodè ìlà-oòrùn dé bodè ìwọ̀-oòrùn, igba ènìyàn, etí wọn fẹ̀ bí ewé kókò. Bí ọ̀rọ̀ bá wọlé ní bodè kan, ẹni àkọ́kọ́ á sọ ọ́ sétí ẹnì kejì, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí yóò fi jáde ní bodè kejì.

"Kí lo rí lọ́nà?" ni wọ́n bi Ọdẹ́ṣínà.

"Ìgbín kan," ó ní. Òótọ́ ló sọ. Ìgbín kan ló rí.

Ó rọra ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ní ibi ogún ènìyàn, ìgbín ti di méje. Ní ibi ọgọ́ta, wọ́n ti ń jẹ ewé òrùlé. Ní ibi ọgọ́rùn-ún, wọ́n ti jẹ ọba ìlú kan, adé wà lẹ́nu ọ̀kan nínú wọn. Ọdẹ́ṣínà ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó dé bodè ìwọ̀-oòrùn, igbe ta. "Ẹgbẹ̀rún méje ìgbín ogun ń bọ̀! Wọ́n ní ehín irin!" Gbogbo ìlú dìde, wọ́n gbé ẹní, wọ́n gbé ìkòkò, wọ́n ń sá, wọ́n ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ya mí lẹ́nu. Ọdẹ́ṣínà náà sá! Òun tó rí ìgbín náà, òun tó mọ̀ pé ẹyọ kan ni, tí kò sì ní ehín, ó rí igba ènìyàn tó ń sá, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bá wọn lọ. Ó sá títí ó fi kọ lu igi obì, ó ṣubú, àwọn ará Wọ́n-Ní sì gba orí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá bí ẹran ọ̀sìn. Nígbà tó jókòó tó ń nu ẹ̀jẹ̀ imú, ó bi ara rẹ̀ pé, "Kí ni mò ń sá fún?" Ìgbà tí ó sọ èyí fún mi, arúgbó ni, ojú ṣì ń tì í.

Láti ibẹ̀ ó já sí bùdó àwọn ọmọ ogun Ìmọ̀rì létí odò Ayídà. Ó ya á lẹ́nu pé kò sí ogun kankan. Àwọn ará Agbándà jókòó lódìkejì, tiwa jókòó níhìn-ín, wọ́n ń wo ara wọn bí orogún. Ó ti pé oṣù méjì tí ẹnikẹ́ni kò ti ta ọfà.

"Kí ló dé tí ẹ kò fi wálé?" ó bi wọ́n.

"Ilé wo?" ni ọ̀kan nínú wọn wí, ọkùnrin pupa kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún. "Ìmọ̀rì ti jó. Gbogbo ènìyàn ló gbọ́. Ó jó láti ààfin dé àkìtàn, ẹnikẹ́ni ò jáde. Ibo la máa lọ?"

"Ta ló sọ fún yín?"

"Oníyọ̀ tó ń bọ̀ láti Wọ́n-Ní. Ní ọjọ́ ọjà tó kẹ́yìn nínú oṣù àkọ́so iṣu ló jó."

Ọdẹ́ṣínà ronú, ó sì gbá àyà. Ọjọ́ yẹn! Iṣu ìyá òun ló jó! Ìyá gbàgbé àsáró sórí iná, èéfín gba agbo ilé, oníyọ̀ kan tó ń kọjá sì fọwọ́ di imú. Ìkòkò kan ṣoṣo ló jó ní Ìmọ̀rì ní ọjọ́ náà, òun ló di ìlú lẹ́nu wọn, tí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ọkùnrin fi jókòó sínú ẹrẹ̀ fún oṣù méjì tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ àwọn tó ń jẹun nílé.

"Ìlú kò jó," ó ní. "Láti ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀."

Wọ́n rọ́ bò ó. "Ìyá mi ńkọ́, Ìyá Olóńjẹ ojúde Arẹ̀sà?"

"Mo rí i. Ewúro ló ń ṣa nígbà tí mò ń jáde."

"Bàbá mi ńkọ́?" ni ọmọ ogun kékeré kan bi í.

"Mo rí i. Ó bú mi pé mo tẹ ẹ̀gẹ́ òun."

"Bàbá mi nìyẹn!" ni ọmọ náà kígbe, ó bú sẹ́kún.

Ọkùnrin pupa náà dì í lápá mú. "Ọmọ mi obìnrin ńkọ́, Mọrádéùn, èyí tó ń wúkọ́?"

"Mi ò rí i."

"Ṣùgbọ́n ó yè, àbí? Sọ pé ó yè."

"Mi ò rí i, ẹ̀gbọ́n. Mi ò mọ̀."

Ọkùnrin náà gbá a létí, ìró rẹ̀ dé Agbándà. Lẹ́yìn náà ó lọ di ẹrù rẹ̀, òun sì ni ó kọ́kọ́ gbéra lọ sílé, àwọn méjì tẹ̀ lé e.

"Àjàgbé ńkọ́?" ni Ọdẹ́ṣínà bi àwọn tó kù. Gbogbo wọn ní ó ti kú. Ó lọ ṣọ́ ọ̀nà, kò padà. Ta ló rí òkú rẹ̀? Kò sẹ́nì kankan. Ṣùgbọ́n ó ti kú.

Lórí igi àràbà tó wà lókè bùdó, Igún Àgbà jókòó síbẹ̀, orí rẹ̀ pá, ọrùn rẹ̀ wó bí àpò àtijọ́. Ọdẹ́ṣínà lọ dúró nísàlẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ á dọ̀bálẹ̀ fún adìẹ.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ wà lókè. Ǹjẹ́ ẹ ti jẹ ẹni tó ń jẹ́ Àjàgbé?"

"Ẹni mẹ́tàdínlógún ni mo jẹ níbí," ni Igún wí. "Kò sí èyí tó dárúkọ fún mi. Mi ò mọ Àjàgbé. Ohun tí mi ò mọ̀, mi ò mọ̀ ọ́n; ìyẹn ni wọn ò ṣe fẹ́ràn mi. Kí ló wà nínú àpò rẹ?"

Ọdẹ́ṣínà gbé àrokò náà jáde. Igún bà sílẹ̀, ó fi ojú kan wò ó.

"Ta ló so ó?"

"Ẹ̀gbọ́n mi. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Gbogbo àgbà ilé wa ló yẹ̀ ẹ́ wò."

"Kí sì ni ó wí?"

"Ó ní ẹ̀gbọ́n mi ti kú."

Igún ha ọrùn rẹ̀. "Ní ilẹ̀ tiwa," ó ní, "àwọn tó bá ti kú kì í so nǹkan."

Ara Ọdẹ́ṣínà tutù láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó wo ìso náà bí ẹni tó rí ejò nínú ẹ̀wù rẹ̀. Àgbà mẹ́sàn-án fọwọ́ kàn án! Wọ́n bi ara wọn bóyá Àjàgbé ló so ó lóòótọ́, wọ́n sì rí i pé òun ni. Kò sẹ́nì kan tó bèèrè bí òkú ṣe di fìlà ara rẹ̀. Àní wọ́n ti dáàbò bo ara wọn lọ́wọ́ irọ́ ọ̀tá títí wọn kò fi rántí pé ọmọ ilé pàápàá lè parọ́.

"Mi ò ní kò kú o," ni Igún wí. "Ó lè ti kú lẹ́yìn tó so ó. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà níbi tí odò gbé ṣẹ́, tó ń tiro, tó ń fi ọwọ́ òsì pẹja. Ó ti pé oṣù kan tí mo ti ń retí rẹ̀. Ó kọ̀, kò kú."

Ọdẹ́ṣínà dìde. Ìgbà náà ló wá mọ̀ pé ọkàn òun kò fò fún ayọ̀. Ṣe ni ó wálẹ̀ gbì, bí ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sí ìdí àràbà, ó fi ọwọ́ bo ojú, ó sunkún nítorí ohun tó rí nínú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ síbi tí odò gbé ṣẹ́.

Àjàgbé wà níbẹ̀, nínú àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì wú bí ìdí ìkòkò. Nígbà tó rí àbúrò rẹ̀, kò dìde. Ó fa ọ̀bẹ.

"O wá wò mí bóyá mo kú tán!" ó ní. "Ìyàwó mi ńkọ́? Ṣé o fi í sílẹ̀ nínú ahéré ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ń sọ?"

"Má pè mí ní ẹ̀gbọ́n! Ènìyàn mẹ́ta ló sọ ọ́ fún mi. Oníyọ̀, olóbì, aṣọ́bodè. Wọn ò mọ ara wọn, ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu. Wọ́n ní Ìbídùn ń gbé oúnjẹ lọ bá ọ lóko, ẹ ti di tọkọtaya, oyún ti wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni mi ò gbà gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì mo bínú. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ni mo tún fẹ́ wí?"

"Ọ̀nà ibo ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà wá?"

"Ọ̀nà Wọ́n-Ní. Ọ̀nà mìíràn wà ni?"

"Ẹnu kan náà ni o, ẹ̀gbọ́n mi! Ènìyàn kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́ta yẹn! Ìmàdò ló la itan mi. Ìyá wa ló rán an. Abọ́ ló gbé wá, abọ́ ló gbé lọ."

Àjàgbé na ọ̀bẹ náà sí i. "Irin rèé. Gbé e sẹ́nu, kí o wí i."

Ọdẹ́ṣínà fi ehín di irin náà mú. Ẹ̀yin mọ ohun tí irin ń ṣe fún ọdẹ tó bá fi í parọ́. "Bí mo bá fọwọ́ kan Ìbídùn rí, kí irin mú mi."

Ọwọ́ Àjàgbé rọ̀. Omi gba ojú rẹ̀. Ó ní, "Nítorí ọ̀rọ̀ wọn yẹn ló ṣe jẹ́ pé èmi ni mo di fìlà yẹn. Mo fẹ́ràn Ìbídùn kọjá kí n wá dá ìjà sílẹ̀. Mo ní kí n kú fún yín, kí ẹ lè rí ara yín fẹ́." Lẹ́yìn náà ó wo àbúrò rẹ̀, ó wò ó pẹ́. "Má tíì yọ irin lẹ́nu. Ọkàn rẹ ńkọ́?"

Irin wà láàárín ehín Ọdẹ́ṣínà. Kò lè purọ́. Kò sì lè sọ òótọ́. Odò ń ṣàn. Ẹja kan fò, ó tún wọlé. Ọdẹ́ṣínà kò sọ nǹkan kan, Àjàgbé sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Háà," ni Àjàgbé wí.

Ó gba ọ̀bẹ rẹ̀ padà. "Máa lọ sílé. Gbogbo ọmọ ogun ló mọ̀ pé mo kú. Mi ò ní fún ọ ní àmì, mi ò ní so nǹkan kan mọ́, nítorí mo ti fi ìso mi parọ́ fún ìyá mi. Ohun tó bá wù ọ́ ni kí o sọ fún wọn. Bí o bá ní mo kú, màá kọjá sí òdìkejì odò yìí, ẹ ò ní gbúròó mi mọ́ láéláé. Bí o bá ní mo yè, mo yè nìyẹn."

Irú ẹrù wo ni wọ́n dì fún ènìyàn yìí! Mo ti ru ẹtu òun ìgalà rí, mo sì ti ru odidi àgbọ̀nrín gun òkè. Kò sí èyí tó wúwo tó gbólóhùn kan yẹn. Ọdẹ́ṣínà rù ú gba inú igbó. Nígbà tó kọjá lẹ́bàá Ẹlẹ́nu-Méjì, iwin náà wo àyà rẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ kò sì rí nǹkan kan sọ.

Ọjọ́ kọkàndínlógójì ló wọ Ìmọ̀rì. Ìdí igi ọsàn ni mo dúró sí. Wọ́n ti ń gún èlùbọ́ tí wọn yóò fi ṣe oúnjẹ ìṣúpó. Ọkùnrin pupa náà àti àwọn méjèèjì ti dé ṣáájú rẹ̀, wọ́n sì ti jẹ́rìí pé Àjàgbé kú. Mọrádéùn wà léjìká bàbá rẹ̀, ó ń wúkọ́.

"Àjàgbé kò kú," ni Ọdẹ́ṣínà wí, ó gbé àrokò náà kalẹ̀ níwájú Mọ́gàjí. "Mo rí ojú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló ń dùn ún."

Ariwo ta. Mọ́gàjí gbé ọwọ́ sókè. "Àmì tó fún ọ dà?"

"Kò fún mi ní àmì."

"Ọmọ ogun mẹ́ta wà níhìn-ín. Ìso rẹ̀ wà níhìn-ín."

"Ẹ̀yin bàbá, òkú kì í so nǹkan."

Ẹnu wọn là sílẹ̀. Mo rí àgbà kan tó wo ọwọ́ tó fi kan ìso náà bíi pé kó gé e sọnù. Ṣùgbọ́n Mọ́gàjí ní, "Ẹni tó gbọgbẹ́ lè so ó kó tó gbẹ́mìí mì. Bàbá tèmi, ìfun rẹ̀ wà lọ́wọ́ kan nígbà tó ń so tirẹ̀. Bí Àjàgbé bá yè, kí ló dé tí kò fi wálé?"

Ọdẹ́ṣínà ní, "Wọ́n sọ fún un pé mo gba ìyàwó rẹ̀."

Odó dúró. Adìẹ dúró. Mọ́gàjí rọra bi í, "Ṣé o gbà á?"

"Rárá."

"Ta ló máa jẹ́rìí sí i?"

"Èmi ni," ni ohùn kan wí láti ẹnu ọ̀nà yàrá opó. Ìbídùn ló jáde, kò sì yẹ kí opó jáde. Ó kúnlẹ̀ lójú agbo. "Ẹ̀yin bàbá, ta ni ẹ fẹ́ ṣú mi fún lọ́la?"

"Ọdẹ́ṣínà ni."

"Òun náà ló ní ọkọ mi ò kú. Ogún ọjọ́ ni mo gbé oúnjẹ lọ bá a. Kò lè wo ojú mi; bí mo bá kí i, abọ́ ló ń dá lóhùn. Mo mọ̀, mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀, nítorí àpọ́nlé rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn mi tó bẹ́ẹ̀ ló la igbó já láti wá gbà mí lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀rí wo lẹ tún ń wá?"

Ọdẹ́ṣínà dúró bí ẹni tí àrá sán pa lóròó. Ó ti rò pé àṣírí òun wà lábẹ́ ilẹ̀ keje. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Má wò mí," ni ìyá wí, ó ń nu ojú. "Ewúrẹ́ ilé yìí pàápàá mọ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mọ́gàjí mú àrokò náà, ó tú ìko tó dì í, ó da eédú sínú eérú, ó sì na fìlà náà sí Ìbídùn. Ìbídùn gbọn ọ́n, ó fi ìgbọ̀nwọ́ nù ún. Ó dìde, ó wọlé, ó bọ́ aṣọ dúdú, ó di irun rẹ̀, ó gbé agbọ̀n àgúnmu àti ọ̀já funfun jáde.

"Ọkọ mi," ó ní, "ẹsẹ̀ wo ló ń dùn ún?"

"Ti òsì."

"Ẹ ṣáájú, mò ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ọdẹ́ṣínà kò tíì mu omi. Ó gbé àdá, ó sì ṣáájú. A dúró tí a ń wò wọ́n títí wọ́n fi wọ igbó, òun níwájú tó ń ṣán ọ̀nà, obìnrin náà lẹ́yìn. Ọ̀gá mi kò bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, tí Àjàgbé ti bímọ márùn-ún, mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ ọ̀gá mi. Mo ní, "Bàbá, nínú gbogbo ọ̀nà yẹn, kí lẹ ń rò tí ẹ kò fi wo ẹ̀yìn?"

Ó ní ẹ̀gún ni òun ń wò nílẹ̀, kó má baà gún obìnrin náà.